Akọ kan, abo 14: ṣé ìbátan ló ń dí oyún lọ́wọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù Angus dúdú ni èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa ń sìn, gbogbo wọn ló sì ní ìwé ìran. Abo wa jẹ́ 14. Akọ kan ṣoṣo la ti ń lò láti ọdún 5, mẹ́rin nínú àwọn abo yìí sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́dún yìí, 5 kò lóyún: 3 nínú àwọn àgbà tí a kọ́kọ́ rà, 2 nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan gba akọ, a rò pé ó ti dúró, àfi bí wọ́n ṣe tún ń wá akọ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 35 tàbí 40. Àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀kan tiẹ̀ jáde ní pupa fòò, bẹ́ẹ̀ dúdú ni bàbá, dúdú ni ìyá. Àwọn kan ní ká lọ ra akọ gìrìpá kan. Àwọn mìíràn ní bí a bá mú ẹ̀jẹ̀ ìta wọlé, ìran á bàjẹ́. A kì í da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí pápá, odò kékeré kan gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ẹyẹ sì ń yé sínú koríko, a ò fẹ́ ba èyí jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: lọ́dún tó kọjá, a yá ará àdúgbò wa kan ní akọ náà fún oṣù 2. Kí ni ká ṣe?"

Ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ẹ̀ gbàgbé yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Bí mo ṣe gbọ́ yín sí, ẹ̀rù tó ń bà yín ni pé akọ ti ń gun ọmọ bíbí inú ara rẹ̀, pé òun ló fà á tí oyún kò fi dúró, tí àwọn ọmọ fi kéré, tí ọ̀kan sì fi yí àwọ̀ padà. Ohun mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀ràn kan náà. Ìbátan lè lọ́wọ́ nínú àwọ̀ pupa, ó lè lọ́wọ́ díẹ̀ nínú kíkéré, ṣùgbọ́n àìlóyún tó ń dùn yín jù, ó jọ pé ibòmíràn ló ti wá. Mẹ́ta nínú màrún-ún tí kò lóyún kò bá akọ náà tan rárá. Oyún tó bá sọ nínú wọn kì í ṣe oyún ìbátan. Bó bá jẹ́ ìbátan nìkan ló ń dà yín láàmú, àwọn àgbà wọ̀nyí ni ì bá kọ́kọ́ lóyún.

Abo màlúù tí kò lóyún máa ń wá akọ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 21. Ó lè yá tó 18, ó lè pẹ́ tó 24. Bí àtọ̀ akọ bá ti bàjẹ́, tí oyún kò tilẹ̀ sọ, ọjọ́ 21 náà ni abo á tún padà wá akọ. Ti yín kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó padà ní ọjọ́ 35 tàbí 40, ó ṣeé ṣe kó ti lóyún ná, kí oyún náà sì ti kú sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó rí nǹkan kan nílẹ̀. Lóòótọ́, ọjọ́ 42 jẹ́ ìlọ́po méjì 21, nítorí náà ẹ tún àkọsílẹ̀ yín yẹ̀ wò bóyá ìgbà kan wà láàárín tí abo náà wá akọ tí ẹnikẹ́ni kò sì sí nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ wọn bá rí ségesège, 35 fún ọ̀kan, 39 fún òmíràn, tí ẹ sì rántí pé akọ yìí lọ sójú ọ̀nà fún oṣù 2, àrùn tí gígùn ń kó ràn ni kó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Méjì ló gbajúmọ̀ jù: trichomoniasis, àti èyí tí kòkòrò Campylobacter fetus ń fà. Akọ tó ní wọn kì í rù, kì í kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ kì í gbóná. Inú awọ tó bo okó rẹ̀ ni kòkòrò náà ń fara pamọ́ sí, bí akọ sì ṣe ń dàgbà sí i ni àwọn ihò kéékèèké inú awọ yẹn ń jìn sí i tí kòkòrò ń rí ibi gbé. Akọ ọlọ́dún 7 tó lọ sáàárín abo tí ẹ kò mọ̀ léwu ju akọ kékeré lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ tó tà ohunkóhun, ẹ ya akọ náà sọ́tọ̀. Kó sinmi gígùn fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí dókítà ẹran fọ inú awọ yẹn tàbí kó họ ọ́ láti gba ohun tí wọ́n á yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ìsìnkòkòrò àtijọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà á, ọ̀sẹ̀ kan síra wọn, kó tó di pé wọ́n sọ pé ó mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ lọ dúró sẹ́yìn àwọn abo 5 náà ní ìdájí nígbà tí wọ́n ṣì dùbúlẹ̀: bí ẹ bá rí ikun tó dà bí ọyún lábẹ́ ìrù tàbí lórí koríko tí ìdí wọn gbé lé, ẹ sọ fún dókítà. Bí trichomoniasis bá jáde lára akọ náà, kò sí oògùn tó ṣe é gbójú lé fún akọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ló ń lọ, kì í ṣe agbo ẹlòmíràn. Àwọn abo sàn jù ú lọ, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lé kòkòrò náà kúrò lára fúnra wọn láàárín oṣù mélòó kan bí akọ kò bá tún gùn wọ́n. Ti Campylobacter ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ẹ sì lọ bá ará àdúgbò yín sọ ọ́, nítorí bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá tàbí ọ̀dọ̀ yín ló gbà á lọ, agbo tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀ràn yìí.

Bí akọ bá mọ́ ní ti àrùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ agbára bíbí rẹ̀ wò. Wọ́n á fi téèpù wọn àyíká ẹpọ̀n rẹ̀: akọ tó ti lé ní ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 34, èyí tí kò tíì ju oṣù 15 lọ kò gbọ́dọ̀ dín sí 30. Wọ́n á wo àtọ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò, ó kéré tán 30 nínú 100 kó máa sáré lọ síwájú, kí 70 nínú 100 sì ní ìrísí tó pé. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ pẹ̀lú, torí akọ tó ń tiro kì í lé abo bá. Nǹkan bí ọjọ́ 60 ni àtọ̀ fi ń pọ́n nínú ẹpọ̀n, nítorí náà ibà ọjọ́ mẹ́ta péré lè sọ akọ di aláìwúlò fún oṣù 2, lẹ́yìn náà kí ara rẹ̀ tún padà bọ̀ sípò. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tí kò dára kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

Afurasí kẹta ni ebi. Ẹni tó ń dáàbò bo pápá rẹ̀ lè ṣe é dé ibi tí màlúù ti ń rù, pàápàá abo tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́jú lé ìhà rẹ̀. Bí egungun ìhà bá ń kan ọwọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan láì tẹ̀ ẹ́, tí eegun ìbàdí sì yọ gọngọ, abo yẹn kò ju 4 lọ lórí ìwọ̀n 1 sí 9 tí àwọn olùsìn màlúù ń lò. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ló yẹ kó wà lọ́jọ́ tó bá bímọ. Ọjọ́ 283 tàbí bẹ́ẹ̀ ni oyún fi ń wà nínú, èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá fẹ́ ọmọ kan lọ́dún kan, nǹkan bí ọjọ́ 82 péré ló ní lẹ́yìn ìbí láti tún lóyún. Abo tó rù kì í tètè bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ, gbogbo ọjọ́ yẹn á sì kọjá. Láti gbé e sókè ní ìpele kan gba nǹkan bíi kílò 35 sí 45 lára, ìyẹn sì ṣòro púpọ̀ nígbà tí ọmọ bá ti wà lẹ́nu ọmú. Kó tó bímọ ni kí ẹ ti bọ́ ọ.

Ní ti àwọn ọmọ tí ẹ ní wọ́n kéré, mo fẹ́ bi yín: ṣé wọ́n kéré ni, àbí wọn kò tíì dàgbà tó? Abo tí oyún rẹ̀ kú tó sì tún lóyún lẹ́yìn ọjọ́ 42, ọmọ rẹ̀ á kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 42. Bí ọmọ bá ń fi grámù 800 sanra lóòjọ́, ìyẹn jẹ́ kílò 34 tó fi kéré lọ́jọ́ tí ẹ bá já gbogbo wọn lẹ́nu ọmú pọ̀, kò sì sí ìran kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣírò gbogbo wọn sí ọjọ́ 205 kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn: ẹ yọ ìwọ̀n ọjọ́ ìbí kúrò nínú ìwọ̀n ọjọ́ ìjálẹ́nu-ọmú, ẹ fi iye ọjọ́ orí rẹ̀ pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 205, ẹ dá ìwọ̀n ọjọ́ ìbí padà sí i. Ọmọ tí a bí ní kílò 34 tó wọn 194 ní ọjọ́ 200, kílò 198 ni tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ tí abo 4 yẹn bí fún bàbá wọn bá ṣì kéré sí ti àwọn àgbà lẹ́yìn ìṣirò yìí, a lè bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ìbátan, ká sì má gbàgbé pé abo tó ń bí àkọ́bí kì í ní wàrà tó ìyá rẹ̀.

Ọmọ pupa kò túmọ̀ sí pé akọ àjèjì fo ọgbà wọlé. Nínú Angus, dúdú ló ń borí, pupa ló ń fara pamọ́. Màlúù dúdú lè gbé pupa sínú láti ìran dé ìran láì fi hàn, títí dìgbà tí irú rẹ̀ méjì bá pàdé. Nígbà náà, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin lè jáde ní pupa. Bó bá jẹ́ akọ yín ni bàbá rẹ̀ lóòótọ́, a ti mọ̀ pé ó ń gbé pupa, àti pé ó ti pín in fún nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ fa irun bí 20 sí 30 tu láti ìdí ìrù ọmọ náà, kí gbòǹgbò irun wà lára rẹ̀ (irun tí a gé kò wúlò), ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò DNA tí ẹgbẹ́ ìran yín ń lò. Wọ́n á jẹ́rìí bàbá àti ìyá. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń kọ pupa sínú ìwé kan náà pẹ̀lú dúdú, àwọn mìíràn kì í gbà á. Àwọ̀ pupa kì í pa ẹran lára, kò sì bu ẹran jíjẹ kù. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni pé bí pupa ṣe fara pamọ́ ni àrùn ìran máa ń fara pamọ́. Ní 2008 ni gbogbo àwọn olùsìn Angus gbọ́ nípa ọ̀kan, arthrogryposis multiplex, tó ń mú kí ọmọ jáde ní òkú pẹ̀lú ẹ̀yìn wíwọ́ àti ẹsẹ̀ tó le gbagidi. Bí ẹ bá fa irun akọ yín tu lọ́nà kan náà, ó lè sọ bóyá ó ń gbé e.

Ó wá kan ìbátan gan-an. Bàbá tó gun ọmọ rẹ̀, ọmọ tó bá jáde ní ìdá 25 nínú 100 ìbátan lára, gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ọmọ bàbá kan tí ìyá wọn yàtọ̀ jẹ́ 12.5, ọmọ ọmọ pẹ̀lú bàbá àgbà náà jẹ́ 12.5. Ohun tó kọ́kọ́ ń jìyà ni ìlóyún, ẹ̀mí ọmọ tuntun àti ìdàgbàsókè. Ìrísí kì í tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí agbo fi lè lẹ́wà lójú kó sì ti rẹ̀ nínú. Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi han olùsìn tí agbo rẹ̀ kéré. Ẹ fi iye akọ di ìlọ́po iye abo, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ẹ fi àpapọ̀ wọn pín in. Akọ 1, abo 14: 56 pín sí ọ̀nà 15, ó jẹ́ 3.7. Ìyẹn ni pé ní ti ẹ̀jẹ̀, bí màlúù 4 péré ni agbo yín rí, bí ẹ bá sì ti ilẹ̀kùn pa, ìbátan á máa fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 gòkè ní ìran kọ̀ọ̀kan. Akọ méjì á sọ ọ́ di 7 fún màlúù, ìdá 7 fún ìbátan. Àjọ FAO, ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kí agbo ìran tí a fẹ́ pa mọ́ má dín sí 50 lórí ìṣirò yìí, kí ìbátan má bàa ju ìdá 1 lọ ní ìran kan. Kò sí ìdílé kan tó lè dá ṣe ìyẹn pẹ̀lú abo 14. Àfi kí ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbo mìíràn nínú ìran kan náà.

Ẹlòmíràn á ní, àwọn màlúù ìgbẹ́ Chillingham ní àríwá England ńkọ́, tó ti ń bí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún? Òótọ́ ni. Òtútù 1947 tiẹ̀ pa wọ́n kù sí 13, wọ́n sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń retí ọmọ kan lọ́dún lọ́wọ́ abo kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sì ń ka èyí tó kú mọ́ gbèsè. Ẹ̀yin ń kà á.

"Ẹ̀jẹ̀ ìta" tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín pé méjì. Akọ ìran mìíràn á sọ ọmọ yín di àdàlù, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Akọ Angus láti agbo mìíràn, tó ní ìwé tirẹ̀, kò ba ìran jẹ́ rárá. Òun gan-an ni ìran fi ń wà láàyè. Ẹ kàn má ṣe ro pé agbo tó jìnnà ni ẹ̀jẹ̀ tó jìnnà. Akọ olókìkí kan lè jẹ́ bàbá àgbà fún ọ̀pọ̀ màlúù nínú ìran nítorí àtọ̀ dídì tí wọ́n ń tà káàkiri, nítorí náà ẹ tẹ́ ìwé akọ tuntun àti ti abo yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ka orúkọ sẹ́yìn dé ìran kẹrin, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ tó bá hàn lápá méjèèjì. Ìwé ìran kò sì sọ ju ẹni tó bí i lọ. Kò sọ pé ẹran náà dára.

Akọ gìrìpá? Rárá o. Ọmọ akọ ńlá máa ń tóbi nínú, àwọn abo yín tó ń bí àkọ́bí ló sì máa jìyà rẹ̀. Bí omi bá ti já tí wákàtí kan sì kọjá láìsí ìtẹ̀síwájú, dókítà ẹran ni. Ohun kejì ni pé àwọn ọmọbìnrin akọ yẹn ló máa di abo yín lọ́la, pápá yín ló sì máa bọ́ wọn. Màlúù ń jẹ nǹkan bí ìdá 2.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lóòjọ́ ní koríko gbígbẹ. Abo kílò 500 ń jẹ 12.5, mẹ́rìnlá wọn ń jẹ 175. Abo kílò 650 ń jẹ kílò 16 ó lé díẹ̀, pápá tó ń bọ́ abo 14 lónìí kò ní lè bọ́ ju 10 lọ. Ẹni tó ń ronú nípa ẹyẹ àti odò kò gbọ́dọ̀ fi akọ ba ìṣirò yìí jẹ́. Ẹ wá akọ tí ìyá rẹ̀ kò tóbi ju abo yín lọ, tó ń bímọ lọ́dọọdún láìsí ìrànlọ́wọ́, tí EBV rẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ ìbí kéré ju ìdajì ìran lọ. EBV ni nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ ìran ń ṣírò láti ara àkọsílẹ̀ akọ àti ẹbí rẹ̀; fún akọ tí kò tíì bímọ, ìfojúbù lásán ló ṣì jẹ́, ẹ wo ìdánilójú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín. Bí akọ náà bá mọ́, tí àtọ̀ rẹ̀ sì dára, ẹ lè dá a dúró fún ọdún kan sí i fún àwọn àgbà nìkan, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní pápá tó jìnnà sí tirẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu, ó le lórí ilẹ̀, torí wáyà kan kì í dá akọ dúró. Ọ̀nà kejì ni AI, fífi ọwọ́ gbé àtọ̀ dídì sínú abo. Ó mú kí ẹ lè yan akọ tó yàtọ̀ fún abo kọ̀ọ̀kan, kì í sì í kó àrùn gígùn wọlé bí ẹ bá rà á níbi tí wọ́n ti ń yẹ akọ wò. Ìnira rẹ̀ ni ojú: ẹ ní láti ṣọ́ abo láàárọ̀ àti lálẹ́, èyí tó dúró jẹ́ẹ́ kí òmíràn gùn ún láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n ṣe tirẹ̀. Inú nitrogen olómi tó tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo ni àtọ̀ ń gbé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìwọ̀n 35 sí 37 ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, ẹni tó bá sì fi àkókò ṣòfò láàárín méjèèjì ti pa á. Pẹ̀lú ọwọ́ tó mọṣẹ́, abo 5 tàbí 6 nínú 10 ló ń lóyún lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kẹta ni akọ kékeré tí kò tíì gun abo rí, bí ọmọ oṣù 18, tó ti yege àyẹ̀wò. Irú rẹ̀ lè bójú tó abo 14. Kó wà ní àdáwà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó dé àárín agbo.

Bó bá jẹ́ tèmi, màá pa ọ̀nà kejì àti ìkẹta pọ̀: AI lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo abo tó mọ́, kí akọ kékeré wá tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí ọjọ́ 63 á fi pé, kí a sì mú un kúrò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé pé ọdún 2 ni ààlà rẹ̀. A ó bí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù 9 lẹ́yìn tó bá wọlé, wọ́n á tó gba akọ ní ọmọ oṣù 15, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Ibẹ̀ gan-an ni bàbá ti ń pàdé ọmọ. Kí wọ́n má sì gba akọ kí wọ́n tó wọn ìdá 60 sí 65 nínú 100 ìwọ̀n ìyá wọn, ọjọ́ orí yòówù kí wọ́n jẹ́.

Pápá kò béèrè ohun tó le. Ẹ kó màlúù wọ ibi tí koríko ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ẹ kó wọn jáde nígbà tó bá ku 8 tàbí 10, ẹ má sì dá wọn padà kó tó tún ga. Ibi tí ẹyẹ bá ti ń yé, ẹ fò ó títí ọmọ wọn á fi fò. Ẹ fi wáyà dí etí odò, kí ẹ gbé omi wá sínú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ màlúù ló ń wó bèbè odò. Oògùn aràn bí ivermectin máa ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì ń pa ọmọ yímíyímí tó yẹ kó wa ìgbẹ́ náà wọlẹ̀, nítorí náà kí dókítà ka ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ kí ẹ tó lo oògùn, kí ẹ sì fún kìkì èyí tó nílò rẹ̀.

Èmi kò rí màlúù yín, lẹ́tà kò sì lè ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí èsì akọ tó dé, ẹ má tà nínú abo 5 yẹn fún ẹni tó fẹ́ sìn ín, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní akọ náà mọ́.